Kí Ló Ń Sú Ejẹ́ǹtì ní Orí Kìíní?

Ẹni tó bá ti wá ejẹ́ǹtì fún ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ní London tàbí New York á mọ̀ pé wọn kì í sábà gba odindi ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á ní ká fi orí 3 àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Àwọn míì ò fẹ́ ju ojú ìwé 10 lọ. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ojú ìwé 10 péré! Ó ń dun ni o.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo tiwọn náà. Ejẹ́ǹtì ò ní rí kọ́bọ̀ lórí ìwé wa àfi tó bá rí ilé iṣẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ló máa tó yọ tiẹ̀, ìdá 15 nínú 100 ló sì wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń ka iṣẹ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lálẹ́, tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Tó bá ti sú wọn, ó parí nìyẹn.

Kí ló wá ń sú wọn? Àwa tá a jọ ń ka iṣẹ́ ara wa lórí WhatsApp ti jiyàn lórí ẹ̀ títí. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Yorùbá inú ẹ̀ ni, pé òyìnbó ò mọ ewédú, ká yáa ṣàlàyé. A ò gbà. Àlàyé yẹn gan-an ló ń pa ìtàn. Ọmọbìnrin kan jí, ó wo dígí, ó rántí gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kó tó fọ eyín. Ojú ìwé 10 ti tán, a ò tíì mọ ohun tó ń wá.

Ẹ wo àlọ́. Kété tá a bá ti dáhùn "Àlọ̀!", ìyàn ti mú, ebi ti ń pa Ìjàpá. Ebi yẹn ló ń mú wa jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tí Faber tẹ̀ jáde lọ́dún 1952: a ò tíì kà á jìnnà tí ẹlẹ́mu fi já látorí ọ̀pẹ, tó kú, tí ọ̀mùtí sì gbéra láti wá a lọ.

Torí náà, ẹ má yọ ewédú yín kúrò nítorí ejẹ́ǹtì. Ẹni tí ò mọ ewédú mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá ń wá nǹkan tí ò rí i. Ẹ tètè jẹ́ ká rí ohun tí ẹni inú ìtàn yín ń wá, àti ẹni tó dí i lọ́nà. Wọ́n ṣì lè kọ̀ ọ́. Ohun tí ejẹ́ǹtì kan kọ̀, òmíràn lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á tán ná.