Ohun Tí Mo Rí Nínú Ahoro

Bí mo bá rí ahoro ilé, n kì í lè kọjá láìwọ ibẹ̀ tèmi ti kámẹ́rà mi. Nínú ọ̀kan ní Ìbàdàn ni mo ti bá ilà èédú mẹ́tàdínlógún lára ògiri. Mo yà wọ́n ní fọ́tò. Mo fi í han ìyá arúgbó tó ni ilé náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀: “Ọmọ mi, ilà èsúsú ìyá mi nìyí!”

Nígbà tí òjò dé, ògiri náà wó. Ilojo Bar l'Ékòó pàápàá, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Fọ́tò kò lè gbé ilé dúró, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí.