Agolo Sàdíìnì, Láti Ìbafo Dé Ifọ̀

Láti Ìbafo dé Mowe, ẹni tó bá ń wá ohun tí ọmọdé lè fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kò ní láti tọwọ́ bọ àpò. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ń bẹ létí títì, ìdérí ìgò mínírà fọ́n káàkiri iwájú ṣọ́ọ̀bù, páálí àti agolo kún ẹ̀yìnkùlé. Inú oṣù Kẹjọ ni mo gba ọ̀nà náà, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ilé àbúrò mi obìnrin ní Ìbafo ni mo kọ́kọ́ yà, kí n ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Mowe, kí n tó wá lọ sí Ifọ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ń gbé. Mo fẹ́ jókòó ti àwọn ọmọ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a fi ohun tó wà nílé ṣe nǹkan.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti ń dùn mí. Bí táàmù bá ti ń parí lọ, iléèwé á ní kí ọmọ mú ìgbálẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tàbí agbọ̀n wá. Ìyá ọmọ á gba ọjà lọ, á ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, á fi bíírò kọ orúkọ ọmọ sí i lára, tíṣà á sì fún ọmọ ní máàkì. Ọmọ tó gba máàkì ìgbálẹ̀ kò fọwọ́ kan imọ̀ ọ̀pẹ rí! Mo mọ àwọn àgbà tó wọ iléèwé nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹní tí wọ́n hun ní kíláàsì, ọwọ́ wọn á máa hun ún bí ẹnu wọn ṣe ń sọ ọ́. Kí ló dé tí a fi gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiwa?

Ní Ìbafo, ìdérí ìgò la fi bẹ̀rẹ̀. A gbé e sórí òkúta, a fi òkúta mìíràn lù ú títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìṣó la fi lu ihò méjì sáàárín rẹ̀, kí méjèèjì má jìnnà síra wọn. Èmi di ìṣó mú, àgbà wọn fi òkúta lù ú. A ki òwú bọ inú ihò kan, a fà á jáde nínú èkejì, a so ó pọ̀. Ọmọ á fi ìka kọ́ òwú náà lọ́tùn-ún lósì, á fì í yípo títí òwú á fi lọ́, á wá máa fà á, á máa dẹ̀ ẹ́, ìdérí á máa yí, á sì máa kùn bí oyin. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, kò tètè rí i ṣe: ó ń fà á, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbà á kó bá a ṣe é, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ìdérí kùn lọ́wọ́ òun náà, ni ó bá sáré gba gbogbo yàrá lọ, ó ń pariwo, “Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ọ!”

Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sórí mọ́tò. Etí agolo lè ya ọmọ lọ́wọ́, nítorí náà èmi ni mo gé e, mo sì fi ẹ̀mú tẹ etí rẹ̀ wọnú. Sílípáàsì tó ti já la gé róbótó-róbótó ṣe táyà, igi súyà la fi so táyà pọ̀. Mo ti lérò pé ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n máa ṣe, àmọ́ tírélà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àgbà wọn to agolo mílíìkì tẹ̀ léra, ó fi wáyà dì wọ́n, ó ní ọkọ̀ elépo ni. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rò ó dáadáa. Ojú fèrèsé wọn kọjú sí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, tírélà kì í sì í dákẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tí ojú wọn ń rí ni ọwọ́ wọn ń ṣe. Èyí tí a rà lọ́jà kò lè sọ fún tíṣà kankan pé létí títì ni ọmọ yìí ń gbé.

Ní Mowe, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin kò fẹ́ agolo. Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ṣófo ló gbé wá. Ó dojú rẹ̀ dé, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ wò ó, imú rèé.” Ibi tí a fi ń di kẹ́ẹ̀gì mú ló ń nà sí, ẹnu kẹ́ẹ̀gì sì di ẹnu ènìyàn lóòótọ́. A gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó fi èédú ya ojú sí i, ó tú fọ́nrán àpò ìrẹsì, ó fi ṣe irun, ó ní ìyá bàbá òun ni.

Mo sọ fún un nípa Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní 1962 ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n fi ń gbé bẹntiróòlù láti Nàìjíríà kọjá ẹnubodè lọ sí Benin, ni ọkùnrin yìí fi ń ṣe ojú ènìyàn. Ó to 304 irú ojú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe to àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ òkun láyé ọjọ́un, ó pe iṣẹ́ náà ní La Bouche du Roi, British Museum ní London sì rà á. Ọmọ náà wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀, ó bi mí pé, “Wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì?” Mo ní ohun tí ẹni náà rí nínú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n rà. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó tún lọ wá fọ́nrán sí i.

Láti Mowe sí Ifọ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni, síbẹ̀ ẹnu Èkó ni mọ́tò gbé mi gbà: Berger, Agége, Ṣàngó, kí n tó wọ ọkọ̀ tó gba Owódé-Ìjàkọ àti Ìyànà-Ìlogbò lọ. Agolo ń mì wọ̀ǹwọ̀n-wọ̀ǹwọ̀n nínú àpò orí ẹsẹ̀ mi.

Àwọn ọmọ Ifọ̀ kò bèèrè tírélà. Agolo sàdíìnì ni wọ́n ṣà jọ, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra, wọ́n ń wọ́ ọ lọ nílẹ̀: ọkọ̀ ojú irin. Láti ìgbà tí àwọn Òyìnbó ti fa ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ó ti ń gba Ifọ̀ kọjá, ta ni yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn bí ó ṣe ń rìn?

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, ń wò wá láti orí àpótí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ṣe ní Abẹ́òkúta nígbà èwe wọn. Wọ́n dìde, wọ́n bu láfún, wọ́n fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wọ́n rò ó lórí iná títí ó fi ki. Wọ́n ya aṣọ ìrọ̀rí funfun tó ti gbó, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ àti ẹyọ ìgbálẹ̀. Ibi tí láfún bá gbẹ sí, aró kò ní ràn án. Bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ tiwọn ni wọ́n ń sọ fún wa pé òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ló wà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, torí ohun tí àwọn aláró rí nígbà náà nìyẹn.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ti ya ọkọ̀ ojú irin sáàárín aṣọ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, “Ìyẹn ò sí nínú àdìrẹ o.”

“Ìyá Àgbà, èmi náà rí i ni.”

Wọ́n wò ó títí. “Ó dáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà? Fi ẹsẹ̀ sí i kí láfún tó gbẹ.”

Sódà inú aró lè bó ọmọ lára, nítorí náà Ìyá Àgbà nìkan ló rẹ aṣọ, àwọn ọmọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí ó gbẹ tí a ha láfún kúrò, kóòṣì yọ funfun báláú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì kò hàn, torí láfún ò nípọn níbẹ̀. Ọmọ náà gbé ìkòkò, ó ní kí Ìyá Àgbà jọ̀ọ́ ro òmíràn, kó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ.