Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Gbé Wa Dé Ìgbòho

Àwọn àgbà ní ìrìn-àjò là á mọ̀, a kì í mọ àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ dáradára kí ó tó kúrò nílé, onítọ̀hún ti mọ díẹ̀ nínú àbọ̀ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń dáko ní ẹ̀yìn Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù Agẹmọ pé iṣu tuntun ti jáde, pé èlùbọ́ tí òun ti ń ṣèlérí rẹ̀ ti wà nínú àpò, pé kí n gbé ọkọ̀ wá kí òjò tó gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hilux mi, mo fi ìka wá eyín táyà kiri, n kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ ju orí pípá lọ. Àwọn táyà wọ̀nyí ti sìn mí tọkàntọkàn láàárín Bódìjà, Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀, wọ́n ti jẹ ọ̀dà títí ọ̀dà náà fi jẹ àwọn náà tán. Ẹni tí ó bá sì gbé irú wọn wọ ẹrẹ̀ Òkè-Ògùn nígbà òjò, àfi kí ó mú ẹní àti ìrọ̀rí dání, nítorí ibẹ̀ ni yóò sùn.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti awakọ̀ mi ṣe kọrí sí ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Agodi Gate, ní Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, níbi tí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń wá kò gbọdọ̀ dé, nítorí kí ó tó la ẹnu, wọn yóò ti tajà fún un tán. Ìsọ̀ ìyá kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Alhájà ni a yà sí. Ó kí wa káàbọ̀, ó ní kí a jókòó, kò sì bi mí ní iye tí mo mú wá, ohun tí ó bi mí ni pé, "Bàbá, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà, kí lẹ sì fẹ́ rù?" Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, nítorí nínú ìbéèrè méjèèjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n táyà rírà wà, ìyókù, owó ni.

Oríṣi mẹ́ta ni ó tò síwájú wa. Èyí tí a kọ H/T sí lára, títì ọlọ́dà ni a ṣe é fún. Ìlà ojú rẹ̀ kò jìn, kì í pariwo, kì í sì í fi epo ṣòfò. Èyí tí a kọ M/T sí, ẹrẹ̀ ni tirẹ̀, eyín rẹ̀ sì là gbàràgbàrà bí eyín ọ̀nì. Ẹ̀kẹta, A/T, ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì: eyín rẹ̀ jìn tó mílímítà 10 sí 12 nígbà tí ó bá wà ní tuntun, ó lè bá yangí jà, ó lè bá iyanrìn ṣe, síbẹ̀ ojú rẹ̀ tí ó ń kan ilẹ̀ kún tó láti di ọ̀dà mú nígbà tí òjò bá rọ̀. Awakọ̀ mi, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ sì fẹ́ràn ohun tí ó le koko, kò wo ibòmíràn mọ́ ju ara eléyín ọ̀nì lọ. Alhájà wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ìyẹn mọ ẹrẹ̀ wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bó bá gun ọ̀dà, yóò máa ké lé ẹ lórí látibí dé Ìsẹ́yìn, ọ̀dà á sì tètè jẹ ẹ́ tán. Bí òjò bá wá mú yín lórí títì tó ń dán, tó o tẹ búrẹ́ẹ̀kì, kò ní dúró níbi tó o rò." Mo rò ó pọ̀: láti Ìbàdàn dé Ṣakí, ọ̀dà ni, láti Ṣakí lọ sí oko ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dà a máa wà, a máa sá, títí yóò fi kù yangí àti ẹrẹ̀ nìkan. Ọ̀dà ni ó pọ̀ jù, yangí ni ó le jù. A/T ni ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni a kọ oríkì rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kà á kò pọ̀. Mo gbé awò sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: 265/65R17, 112S. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà. 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. R ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ́ okùn inú rẹ̀ ní ìdábùú láti etí kan dé etí kejì. 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. 112 ni ẹrù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà kan lè ru 1,120 kìlógíráàmù. S ni eré, pé kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 180 ní wákàtí kan, èyí tí kò kàn mí rárá, nítorí ẹni tí ó bá ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ọ̀nà wa yìí, kì í ṣe táyà ni ó yẹ kí ó máa wá kiri. Awakọ̀ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé 265/70, kí ọkọ̀ lè ga." Mo ní rárá o. Gíga tí ìyẹn yóò fi kún ọkọ̀ láti ilẹ̀ kò ju mílímítà 13 lọ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ń ka eré yóò di òpùrọ́: bí ó bá ka 100, ọkọ̀ ti ń sá 103, bí a bá sì yí ọwọ́ ọkọ̀ dópin, táyà lè máa ha inú ara ọkọ̀. Ohun tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kò sí ìdí tí n ó fi bá wọn jiyàn lé e.

Lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni ọjọ́ ìbí táyà wà, nínú nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn. Àwọn àkọ́kọ́ tí ọmọ ìsọ̀ gbé wá ń dán, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn láti ilé iṣẹ́ kò tíì ṣí, gbogbo ẹni tí ó bá rí wọn yóò ní tuntun ni; ṣùgbọ́n 3117 ni mo kà lára wọn, ọ̀sẹ̀ 31 nínú ọdún 2017. Rọ́bà kì í dúró de ẹni tí yóò lò ó kí ó tó dàgbà. Oòrùn àti atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́ níbi tí ó jókòó sí. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, mo sì rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó sán káàkiri níbẹ̀. Alhájà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ mà kàwé o," ó sì ránṣẹ́ sí ilé ẹrù fún òmíràn tí ó jẹ́ 4224. Ìyẹn náà, mo ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka yí etí rẹ̀ ká, nítorí àwọn oníṣòwò kan wà tí ń ki táyà kan sínú èkejì, tí wọ́n tún ń ki ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́, kí owó ọkọ̀ ojú omi lè dín kù. Nígbà tí wọ́n bá fi ipá fà wọ́n yọ, wáyà etí ti ká, okùn inú ti ṣẹ́, ojú lásán kò sì lè rí i. Àjọ SON, tí ń bójú tó ìdíwọ̀n ọjà nílẹ̀ wa, ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí, wọ́n sì ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ti tòkunbọ̀, òfin kò gbà kí a kó o wọ ìlú, ọjà sì kún fún un; mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Owó tí Alhájà pè mú mi rántí ìgbà tí a ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí, tí Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, tí Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pa ní 2007, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí Dunlop náà fi dáwọ́ dúró. Igi rọ́bà ṣì ń bẹ ní ilẹ̀ Oǹdó àti ti Ẹdó, a ń dá oje rẹ̀, a ń kó o lọ sí òkèèrè, a sì ń fi dọ́là ra á padà. Kí ni ènìyàn yóò tún wí? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo san owó náà, ó dùn mí dé egungun, fọkanáísà sì yọ ti àtijọ́, ó fi fáàfù tuntun sí gbogbo ríìmù, ó ṣe bálánsì, ó sì fẹ́ wọn dé PSI 32.

A gba Mọ́níyà jáde ní kùtùkùtù, lórí ọ̀nà kìlómítà 65 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe dé Ìsẹ́yìn, mo sì dákẹ́ kí n lè gbọ́ ohùn táyà. Ó ń kùn díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun, kò sì dí ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́. A kọjá Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí kò gbà fún Ìbàdàn, tí ogun 1860 sí 1862 sì gbá ìlú rẹ̀ lọ. A dé Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, a jẹ àmàlà, a tún ṣí. Ní Ṣakí ni òjò bá wa.

Ẹ̀yìn Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ìdánwò wà. Ilẹ̀ yìí ni odò Ògùn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ sí Abẹ́òkúta àti sí ọ̀sà Èkó, omi sì pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. A bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ó ti rì dé ikùn, àwọn èrò inú rẹ̀ jókòó sórí àpáta wọ́n ń jẹ àgbàdo. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: awakọ̀ mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ ojú fáàfù, atẹ́gùn ń sú jáde, ó fi géèjì wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí gbogbo wọn fi wá sí 20. Mo rí i bí ẹ̀gbẹ́ táyà ti rọ̀, tí ojú rẹ̀ sì gbòòrò sí i lórí ilẹ̀, tí ìwúwo ọkọ̀ fi pín káàkiri dípò kí ó máa gún ilẹ̀ lójú kan. Ó ki jíà tí ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, èyí tí ó lọ́ra jù, kò sì tẹ iná mọ́ ọn. A ń yọ́ lọ, eyín táyà ń fa amọ̀ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń sọ ọ́ sẹ́yìn. N kò ní purọ́ fún yín: ibì kan wà tí amọ̀ náà ki débi pé ó dí gbogbo ojú ìlà, táyà wa tún di pípá lójú ẹsẹ̀, ó ń yí lásán. Ibẹ̀ ni eléyín ọ̀nì ọjà Gate ìbá ti yangàn, nítorí ààyè tí ó wà láàárín eyín rẹ̀ ní í mú kí ó gbọn ẹrẹ̀ dànù. A sọ̀ kalẹ̀, a kó òkúta yangí àti ẹ̀ka igi sí iwájú rẹ̀, àwọn ajẹ̀gbàdo wá bá wa tì í, ó sì jáde. A so okùn mọ́ ọkọ̀ tiwọn náà, a fà á yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè wá lẹ́nu oko. Ó wo ojú ọ̀nà tí a gbà wá, níbi tí táyà ti tẹ àmì ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, Ọrọ́mpọ̀tọ̀ kò ní gbà yín sí ọmọ ogun rẹ̀." Ìgbòho ni àwọn Aláàfin jókòó sí nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, mẹ́rin nínú wọn sì sùn sí Igbó Ọba níbẹ̀, ìtàn sọ pé Ọrọ́mpọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú wọn, a máa mú kí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ lẹ́yìn wọn.

A di iṣu, a di èlùbọ́, ọkọ̀ sì tẹ̀ ba. Nígbà tí a kúrò nínú ẹrẹ̀, awakọ̀ mi mú ẹ̀rọ kékeré tí ń jẹ iná bátìrì jáde, ó fẹ́ táyà iwájú padà sí 32, ó fi ti ẹ̀yìn sí 36 nítorí ẹrù. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń kánjú dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí kì í ṣe ẹrẹ̀ ni ó ń bẹ́ táyà lójú pópó wa, ooru ni: táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, tí ẹrù sì wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa ká, yóò máa nà, yóò máa gbóná, títí okùn inú rẹ̀ yóò fi já lórí eré. Ní Ìsẹ́yìn, a fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbogbo wọn. Wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́, wọn kò gbóná. A dé Ìbàdàn láìsí wàhálà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, tí òun náà ní Hilux, wá kí mi káàbọ̀ nítorí iṣu, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára táyà. Ó yí ọkọ̀ po, ó bi mí ní ibi tí mo ti rà wọ́n. Mo ní, "Ọ̀nà wo lo máa ń gbà, kí lo sì ń rù?" Ó ní Dùgbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, àti Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹrù rẹ̀ kò ju ìyàwó rẹ̀ àti àpótí kan lọ. Mo ní kí ó lọ ra H/T, kí ó fi owó tí ó bá kù ra epo. Ó dúpẹ́, ó gba iṣu, ó lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ híhó kan lójú títì kí ọkọ̀ kankan tó yọ: M/T ni ó rà.