Aró Ọwọ́ Yín: Lẹ́tà láti Birmingham

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú wàhálà ọjà Ìtòkú. Orúnkún yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ bọ̀rọ̀ mọ́ ní Abẹ́òkúta. Òjò tibí kò lágbára bíi ti yín. Ó kàn ń ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀ di alẹ́ ni. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé tó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gùn ju ti orí fóònù lọ. Mo fẹ́ kí ẹ ní i lọ́wọ́.

Ẹ rántí àwòrán ilé ìkàwé ńlá tí mo fi ránṣẹ́, tí ẹ ní ó jọ aṣọ. Òótọ́ lẹ sọ. Òrùka irin, ńlá àti kékeré, ni wọ́n so kọ́ ara wọn lára ògiri aláwọ̀ wúrà àti fàdákà. Francine Houben, obìnrin ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló ya ilé náà, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú yìí ló sì ní lọ́kàn. Àdìrẹ oníkó ni èmi rí níbẹ̀, èyí tí ẹ máa ń fi ìkó so yípo tí òṣùpá funfun á fi yọ láàárín aró.

Ní 2013 ni Malala Yousafzai ṣí ilé náà, ọmọbìnrin Pakistan tí wọ́n yìnbọn lù lórí nítorí pé ó ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé ìwé. Ìlú yìí ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ tó fi yè. Kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ fún ẹ̀ka Urdu ti BBC, ní 2009, lábẹ́ orúkọ Gul Makai. Ó kọ ọ́ pé ọmọ 11 péré ló wá sí kíláàsì nínú 27. Ohun tí ọmọdé kà ní kíláàsì ló kọ, gbogbo ayé sì lóye rẹ̀.

Yàrá kan nínú ilé ìkàwé yìí ni àwa ọ̀dọ́ tó ń kọ búlọ́ọ̀gì ti pàdé ní Sátidé yẹn. A ó tó ọgbọ̀n. Díẹ̀ ló kù kí n má wọlé. Láti ọdún kan ni mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí mo rò pé àwọn èèyàn fẹ́ kà: owó ọkọ̀, ilé gbígbà, bí a ṣe ń wá iṣẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò rí ọ̀rọ̀ kan kọ mọ́, bí ẹni tí kànga rẹ̀ gbẹ.

Obìnrin tó darí wa ní kí a pa fóònù, kí a fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ nípa ọwọ́ ẹnì kan tí a mọ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan kọ nípa ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 11, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ yí ìlú yìí ká: bí bàbá náà ṣe máa ń yí ọwọ́ lófìfo nígbà tó bá sùn lọ sórí àga nílé. Mo ṣì ń ronú kan ìyẹn.

Ọwọ́ yín ni mo kọ. Mo kọ bí aró ṣe ń dúró sí ìdí èékánná yín, tí ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn kò lè mú un kúrò. Mo kọ òórùn tí ẹ ń gbé bọ̀ láti ìdí ìkòkò, òórùn èlú tó ti kan àti omi eérú, tí mo fi ń mọ̀ pé ẹ ti dé kí n tó gbọ́ ohùn yín. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, mo ní kí ẹ fi ọwọ́ sábẹ́ ìborùn. Ẹ rò pé torí otútù ni. Ẹ fi ọwọ́ òsì pamọ́, ẹ sì fi ọ̀tún gba ìwé èsì mi kíá, ẹ tún fà á wọlé. Ìyá mi, kì í ṣe torí otútù. Aró yẹn ló ń tì mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mi ò pète rẹ̀. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìkòkò mú, tàbí pé ìkòkò kọ̀. Mo kà á sókè bẹ́ẹ̀, mo wá ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan tí òbí rẹ̀ wá láti Bangladesh bi mí bóyá èlú yìí ni àwọn ń pè ní nil. Igi tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n aró kan náà ló ń ti inú méjèèjì jáde. Ó ní nílẹ̀ Bẹ́ńgálì, àwọn òyìnbó olóko a máa fi tipátipá mú àgbẹ̀ gbin èlú, títí àwọn àgbẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀ ní 1859. Orí mi wú. Ọdún yẹn gan-an ni Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta tiwa! A jọ wo ara wa, a ò tètè rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mo sọ ìtàn Sẹ̀gilọlá fún wọn náà. Ní 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé obìnrin kan ló ń jẹ́wọ́ ayé tó ti jẹ fún olóòtú, kí ó tó di ìwé ní 1930. Karin Barber, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú yìí, ló tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ní, “Búlọ́ọ̀gì nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀ ni o.

Nítorí náà, mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ máa kọ lẹ́tà sí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Yorùbá, kí n sì máa gbé e síta fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Bí ẹ kò bá fẹ́, n ó fi mọ sáàárín wa. Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ọjọ́ mélòó ni èlú ń lò nínú omi eérú kí ó tó mú? Ta ló kọ́ yín ní ọnà Ìbàdàndùn, tí ẹ fi ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó Màpó sára aṣọ? Ṣé lóòótọ́ ni pé màmá àgbà a máa kí Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò?

Kí àbúrò mi sì ya àwòrán ọwọ́ yín fún mi. Méjèèjì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́