Bọ àti Bọ́: Ọ̀rọ̀ Ère Ìbejì

Bí a bá dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, orí idẹ àti ère amọ̀ ni ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí. Kò burú. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ti gbé orúkọ ìlú náà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n igi kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ bí idẹ. Bí ikán kò jẹ ẹ́, yóò jẹrà. Bẹ́ẹ̀ igi ni Yorùbá fi gbẹ́ ère tí ó sún mọ́ ọkàn ìyá jù lọ, ìyẹn ère ìbejì.

Yorùbá wà lára àwọn tí ń bí ìbejì jù lọ láyé. Ìwádìí tí oníṣègùn Patrick Nylander ṣe láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú 1,000 ìbí ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, bíi 45 sí 50 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ìbejì sì sábà máa ń kéré lára nígbà ìbí. Láyé àtijọ́, ikú kì í pẹ́ mú ọ̀kan lọ. Ìgbàgbọ́ ni pé ọkàn kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ pín, pé èyí tí ó lọ lè fa èkejì lọ́wọ́. Àwọn òbí a tọ babaláwo lọ; bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, ó di ilé agbẹ́gilére. Ère náà kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ṣùgbọ́n géńdé ni wọ́n máa ń gbẹ́, pẹ̀lú ilà ìdílé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn ètùtù, ó kù sí ọwọ́ ìyá. A wẹ̀ fún ère náà, a fi osùn pa á lára, a fi aró kun irun rẹ̀, a so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, a fi í sínú ìró bí ẹni pọn ọmọ. Bí èyí tí ó wà láàyè bá ń jẹ ẹ̀wà, a fi díẹ̀ kan ère lẹ́nu. Nígbà tí ó bá ti tó ogún ọdún, imú ère a ti pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì ohùn sí iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ọ́ pé ìyá “ń bọ” ère. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ìbejì jẹ́ òrìṣà, wọ́n sì so wọ́n mọ́ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé ó “ń bọ́” ọmọ. Àmì kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí nígbà tí wọ́n gba ẹ̀sìn tuntun, tí wọ́n sun ère wọn tàbí tí wọ́n tà á fún òyìnbó. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú dígí lókè òkun báyìí, láìsí ẹni tí ó mọ orúkọ ilé tí ọmọ náà ti wá.

Mùsùlùmí ni Làmídì Fákẹ́yẹ tí ó kú ní 2009, ẹni tí ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìran agbẹ́gilére ni, ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìlá yẹn kan náà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ìyá kan tí kò gbẹ́ ère mọ́ a máa mú èyí tí ó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Ayàwòrán a ya ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ obìnrin fún ọkùnrin tí ó kù kí wọ́n tó ya èkejì. Fọ́tò náà ni ìyá yóò gbé kalẹ̀ nílé: ọmọ kan ṣoṣo, tí ó jókòó ti ara rẹ̀.