Gàárì Kì í Ṣe Tìmùtìmù: Lórí Kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́

Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Ẹni tó wọ ọkọ̀ lè sùn lọ́nà kó sì jí sí Ọ̀yọ́. Lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ìdajì ọjọ́ ni, ojú a sì máa rí ohun tí èrò ọkọ̀ kì í kíyè sí: ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ṣí ní Mọ́níyà lọ́dún 2021, oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Akínyẹlé, ọsàn tí wọ́n tò jọ sí etí títì ní Fìdítì, àti àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọkọ̀ kì í mọ̀ lára, ṣùgbọ́n tí orúnkún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ mọ̀ dájú. Àmọ́ kí ojú tó lè gbádùn ohun tó ń rí, ìdí gbọ́dọ̀ rí ibi jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ ìdí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin tí a jọ kàwé ní yunifásítì. Ọdún tó kọjá ló ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Kò lè lọ ju kìlómítà 15 lọ kí abẹ́ rẹ̀ tó kú, tí kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́, tí awọ itan rẹ̀ yóò sì máa bó. Ó ra ìbòrí onífóòmù nípọn, ó fi bo gàárì náà. Ńṣe ni ìnira ń pọ̀ sí i. Ó wá sọ fún mi pé òun yóò gbìyànjú Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òun kò bá lè dé ibẹ̀, òun yóò ta kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: kì í sọ ohun tí kò ní ṣe.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ní Mọ́níyà, a yà sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Gàárì yìí ń pa ọ̀rẹ́ mi lára.”

Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà, ìka rẹ̀ sì rì wọlé. “Ọmọ mi, bí ìka mi ṣe rì yìí ni egungun ìdí rẹ ń rì. Bí egungun bá ti rì, fóòmù tó kù á gbé orí sókè láàárín, á wá máa tẹ ibi tí kò yẹ kí nǹkan tẹ̀.”

Ó gbé páálí kan lé orí bẹ́ńṣì, ó ní kí ọ̀rẹ́ mi jókòó lé e, kó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú egungun méjì ti hàn lára páálí náà. Bàbá fi rúlà wọn àárín wọn: sẹ̀ǹtímítà 13. Ó wọn ibi tí gàárì ti fẹ̀ jù: sẹ̀ǹtímítà 13 náà ni. Etí gàárì ni egungun ọ̀rẹ́ mi ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí wá, tí ìwúwo ara rẹ̀ sì ń bọ́ sí àárín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ohun tó ń mú kí ara kú nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣeré.

Bàbá tú inú àpótí rẹ̀, ó sì mú gàárì àlòkù kan jáde tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 àti ààbọ̀, tó le, tó sì ní ihò gbọọrọ láàárín. Ó fi sípánà dè é, ó mú un tẹ́jú kí imú rẹ̀ má baà yọ sókè. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dáàlì tó wà nísàlẹ̀. Ó sún gàárì sókè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi nà tán. Bó bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ. “Bó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” ni Bàbá wí, “dìde lórí pẹ́dáàlì kí ẹ̀jẹ̀ rìn.”

A dé Fìdítì kí ó tó rántí pé òun ní ìdí. Ní Ìlọrà, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú lára. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a ti wọ Ọ̀yọ́.

Kò sí ìlú tó yẹ kí a ti máa ronú nípa gàárì bí Ọ̀yọ́. Aláàfin Àtìbà ló tẹ ìlú tòní dó láàárín àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro, Ọ̀yọ́-Ilé tí òkìkí ogun rẹ̀ wà lórí ẹṣin. Iṣẹ́ ọnà awọ ṣì wà níbẹ̀: àpò, abẹ̀bẹ̀ àti tìmùtìmù aláràbarà. Mo jókòó lórí tìmùtìmù kan, ó sì tù mí lára. Ṣùgbọ́n ìtura àlejò nìyẹn, ti ẹni tó na ẹsẹ̀ tó ń gba ẹmu. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí láìsinmi nílò ohun mìíràn.

John Boultbee Brooks mọ èyí. Ní Birmingham, lọ́dún 1866, ó dá ilé iṣẹ́ ìjánu àti ohun èlò awọ fún ẹṣin sílẹ̀. Ìtàn tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ ni pé nígbà tí ẹṣin rẹ̀ kú, ó yá kẹ̀kẹ́, ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sì ni ín lára débi tó fi pinnu láti ṣe èyí tó sàn jù. Títí dòní, wọ́n ń na awọ líle sórí irin, láìsí fóòmù, awọ náà a sì máa gba àwòrán egungun ẹni tó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra gàárì, ẹ má fi àtàǹpàkò yan èyí tó rọ̀ jù lọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ jókòó lórí páálí nílé, kí ẹ mọ ìwọ̀n yín. Ẹni tó ń jókòó ṣánṣán nílò èyí tó fẹ̀ ju ti ẹni tó ń tẹ̀ síwájú lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò tí kò ní ojú rírán líle lábẹ́. Bí ara bá sì ń kú síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ gàárì, ẹ má fara dà á.

Ọ̀rẹ́ mi kò ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti ń bèèrè ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.