Ọjọ́ Tí Ibà Bá Ń Lọ

Ara tó tutù kọ́ ni ara tó yá. Mo ti kà á nínú ìwé nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn tí ibà dengue ń ṣe ló ti yé mi yékéyéké.

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn kì í sábà wá lọ́jọ́ tí ibà bá kọ́kọ́ mú wọn. Wọ́n á ti ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n á ti mu agbo, àwọn mìíràn á tiẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá jókòó tán, àwọn fúnra wọn ló máa ń dárúkọ àrùn náà: "Dókítà, malaria àti typhoid ni." N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹnu àwa oníṣègùn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn yìí kan náà, láàárín 1964 sí 1968, ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe. Ó ti pẹ́ láàárín wa. Àyẹ̀wò rẹ̀ la kì í sábà ṣe.

Kò sí ibà tí n kì í kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá malaria ni, torí malaria ń yára pa ọmọdé. Àmọ́ bí a bá tiẹ̀ rí malaria, n kì í torí rẹ̀ dẹ́kun àtiwádìí: ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń gbé kòkòrò malaria kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, àrùn méjì sì lè bá ẹnì kan jà pọ̀. Àyẹ̀wò Widal kan ṣoṣo kò tó kí n pe nǹkan ní typhoid. Bí ibà bá dé lójijì, tó le, tí ẹ̀yìn ẹyinjú ń dun aláìsàn, tí egungun àti oríkèé ń ro ó, tí sẹ́ẹ̀lì funfun àti platelet (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀, dengue ni mo máa ń fura sí. Àyẹ̀wò NS1, tó ń wá èròjà ara fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀, dára láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, IgM, èròjà tí ara fi ń bá a jà, ni ká wá.

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, nígbà tí ibà bá ń lọ, ni ewu gan-an máa ń dé. Ìgbà yẹn ni omi inú ẹ̀jẹ̀ lè máa jò kúrò nínú iṣan, kó lọ dúró sí ikùn àti àyà. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti di ẹrù wọn sínú báàgì. "Dókítà, ara ẹ̀ ti tutù, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án." Lóòótọ́ ni iwájú orí rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù jù ú lọ. Ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, ó gbọ́wọ́ lé abẹ́ ìhà ọ̀tún, kò sì tíì tọ̀ láti àárọ̀. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ 36 lánàá ti di 44, platelet rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á yọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ omi ló ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ náà. A fa omi sí i lára lójú ẹsẹ̀, à ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, à ń yẹ PCV wò léraléra títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó yè.

Omi náà ní ìwọ̀n. Mílílítà 5 sí 7 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan la máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí àmì ewu ti hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara bá ti ń gbà á, a ó máa dín in kù, torí lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, omi tó jò á padà sínú iṣan. Ẹni tó bá ṣì ń rọ omi sí aláìsàn lára nígbà náà lè fi omi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. N kì í sì fún èèyàn ní platelet tìtorí nọ́ńbà nìkan, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dà lára rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni diclofenac. Gbogbo ẹni tí ara bá ń ro ni wọ́n ń tà á fún, wọ́n sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ sí ìdí. Nínú dengue, òun, ibuprofen àti aspirin lè dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Paracetamol ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bo àgbá omi yín, torí omi tó mọ́ ni ẹ̀fọn tó ń gbé dengue kiri ń yé sí, ojúmọmọ ló sì ń jẹni. Ẹ kọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bí ibà bá sì lọ, tí inú ń run ọmọ, tó ń bì léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú tàbí ẹran eyín rẹ̀, tàbí tó kàn ń sùn ṣáá, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e wá sí ọsibítù, ì báà jẹ́ òru.